Àwo Blu-ray kún ilé, ẹ̀rọ tí yóò kà á ni kò sí: èwo ni kí n rà?

Àrẹ̀mọ Ìlódè, ọjọ́ Àìkú, aago 8 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù tó kọjá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó ná owó.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà kó páálí méjì àwo Blu-ray ránṣẹ́ sílé nígbà tó ń kó kúrò níbi tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Mo kà wọ́n, 64 ni gbogbo rẹ̀. Ike 14 nínú wọn dúdú, wọ́n kọ 4K Ultra HD sí i lórí, ìyẹn èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti Blu-ray lásán lọ. Ike 50 yòókù jẹ́ búlúù. Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ jẹ́ íǹṣì 55, 4K ni. Bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, fi receiver Yamaha kan (ẹ̀rọ tó ń tú ohùn sí sípíkà) sílẹ̀ tí wọ́n rà ní 2011, pẹ̀lú sípíkà márùn-ún àti èyí ńlá tó ń gbé bésì. Ó ṣì ń dún. Nígbà ayé wọn, bí wọ́n bá gbé fíìmù ogun sí i lálẹ́ Sátidé, gíláàsì inú kọ́bọ́ọ̀dù Màmá á máa gbọ̀n. Ìró yẹn ni mo fẹ́ kó padà wá sínú ilé.

Àbúrò mi ní kí n kàn lọ ra èyíkéyìí tí mo bá rí ní Láàgéré. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á ra ọ̀kan lọ́hùn-ún, òun á fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé ní Kejìlá. Màmá ní tiwọn sọ pé ohun yòówù tí mo bá rà, ó gbọ́dọ̀ lè ka síídì fíìmù Yorùbá wọn àti DVD ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi. ₦250,000 ni mo ti tọ́jú. N kò fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì Parakin, ọjọ́ Àìkú, aago 8:40

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá o. Ọlọ́run á dá Màmá sí fún yín.

Àbúrò, kí n sọ tinú mi: àwo ti ń kógbá sílé. Samsung gan-an kéde ní 2019 pé àwọn kò ní gbé ẹ̀rọ Blu-ray tuntun jáde fún ọjà Amẹ́ríkà mọ́. Ní ilé wa, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo nǹkan wà báyìí, àwọn ọmọ á so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó parí. Ẹ fi owó yẹn ra dátà. Àwọn àwo yẹn, ẹ tọ́jú wọn.

Ọmọ Great Ifẹ̀, ọjọ́ Àìkú, aago 9:15

Àǹtí, ẹ má bínú, ibi dátà yẹn ni n kò ti bá yín lọ. Netflix fúnra wọn sọ pé ó yẹ kí ìyára íńtánẹ́ẹ̀tì èèyàn tó 15 Mbps kó tó lè wo 4K, wákàtí kan rẹ̀ sì lè jẹ tó 7 GB. Fíìmù wákàtí méjì, 14 GB ti lọ. Níbi tí mo ń gbé ní Ọ̀pá, bó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo èèyàn bọ́ sórí rẹ̀, àwòrán á kọ́kọ́ ṣú, á wá dúró, á máa yí po lójú kan.

Àwo kò mọ ìyẹn. DVD gba 4.7 GB lórí ìpele kan. Blu-ray gba 25 GB lórí ìpele kan, 50 GB bó bá jẹ́ méjì. Èyí tó ń tú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú Blu-ray lè tó 40 Mbps fún àwòrán nìkan, ti 4K sì lè kọjá 100. Kí iná ṣáà ti wà.

Ìmọ̀ràn tèmi: Bọ̀dá, ẹ ra PS4 tòkunbọ̀. Ó ń ka Blu-ray, ẹ ó tún rí géèmù ta. Ẹ fi wáyà ohùn optical so ó mọ́ receiver Bàbá, ó tán. (Ẹ rántí pé PS4 slim kò ní ojú ihò optical, tẹlifíṣọ̀n lẹ ó ti fa tiyín.)

Alátùn-únṣe Láàgéré, ọjọ́ Ajé, aago 7 àárọ̀

Ọmọ Great Ifẹ̀, o ṣeun lórí ọ̀rọ̀ dátà, ṣùgbọ́n má ṣi wọ́n lọ́nà níbi PS4. Kò sí PS4 kankan tó ń ka àwo 4K, títí kan Pro. Àwo 14 ti wọlé sí kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn. Kì í ka síídì orin pàápàá, ká má tíì dé orí VCD, síídì fíìmù Màmá. PS5 tó ní ihò àwo ń ka 4K, òun náà kò gba síídì orin.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, láti ayé fídíò onítéèpù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

Iná tó ń ka àwo nínú ẹ̀rọ Blu-ray kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ń ka DVD pupa, 650 nánómítà ni. Èyí tó ń ka Blu-ray jẹ́ búlúù tó ń lọ sí àwọ̀ àlùkò, 405 ni. Torí pé ojú rẹ̀ tín-ín-rín ju ti pupa lọ ni àwo tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ńtímítà 12 kan náà fi ń gba ẹrù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lè kú kí èkejì ṣì wà láàyè. Ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ á ti DVD bọ̀ ọ́ níṣojú yín, á gbé e wẹ́rẹ́, ẹ ó sanwó. Ẹ ó délé, ẹ ó fi Blu-ray sí i, á yí rìrì, á yí rìrì, á wá ní òun kò rí àwo kankan. Lóṣù tó kọjá nìkan, mẹ́ta irú rẹ̀ dé iwájú mi. Owó lẹ́ǹsì tuntun sì lè súnmọ́ iye tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ náà, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i rà.

Nítorí náà, ẹ mú àwo tiyín dání lọ sọ́jà: búlúù kan, dúdú kan. Ẹ jẹ́ kó gbé e, kí ẹ wá fò lọ sí ọ̀gangan ìparí fíìmù, kí ẹ tún fò padà sí àárín. Lẹ́ǹsì tó ti rẹ̀ á kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn. Tí ó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí eku tó ń họ páálí, ẹ dá a padà fún un. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè, kí ẹ wo orí síkúrúù. Bí orí rẹ̀ bá ti há, ẹnìkan ti tú u rí.

Eruku ọyẹ́ náà ń bọ̀. Ẹ ra aṣọ bò ó, ẹ má sì gbé e lé receiver lórí, torí ooru receiver pọ̀.

Òṣómàáló Ìlẹ́ṣà, ọjọ́ Ajé, aago 12:30 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi fẹ́ sọ ohun tójú mi rí kí ẹlòmíràn má baà rí i.

Mo ra ẹ̀rọ Blu-ray kan lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti Amẹ́ríkà dé, tí kò tíì kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo gbé e dé ilé wa ní Adéti, mo so gbogbo wáyà, mo pe àwọn ọmọ jókòó. Pulọ́ọ̀gì rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ, mo wá ohun tí wọ́n fi ń so ó, mo tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Páà! Iná kékeré kan kọ nínú rẹ̀, òórùn bí ẹní sun rọ́bà gba yàrá. Ìgbà tí mo yí i padà ni mo tó rí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀: AC 120V, 60Hz. Iná tiwa 230 ni. Kò gbé àwòrán kan ṣoṣo kó tó kú. Àbíkẹ́yìn mi ń bi mí pé ṣé kò ní ṣe mọ́, n kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Bọ̀dá Àrẹ̀mọ, ẹ má gba ti Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá èyí tó ti London wá: pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi tiwa, fóòtì bíi tiwa.

Ọmọ Ọbòkun Lókè Òkun, ọjọ́ Ajé, aago 6 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrora ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín, Ẹ̀gbọ́n Òṣómàáló. Èmi náà ọmọ Ìlẹ́ṣà ni, Maryland ni mo wà báyìí. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ fóòtì, ṣùgbọ́n ti London yẹn, ó máa kó Bọ̀dá Àrẹ̀mọ sí wàhálà mìíràn tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà.

Wọ́n ti pín ayé sí ọ̀nà mẹ́ta fún Blu-ray. A ni Amẹ́ríkà Àríwá àti Gúúsù, pẹ̀lú Japan àti Kòríà. B ni Yúróòpù, gbogbo Áfíríkà, àti Ọsirélíà. C ni Ṣáínà, Íńdíà, Rọ́ṣíà àti àwọn tó wà ní agbègbè wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún B kò ní ka àwo tí wọ́n tì mọ́ A. Àwo ẹ̀gbọ́n yín, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà á. Ẹ gbé ẹ̀rọ London wálé, ẹ fi àwo sí i, á kàn kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé àwo yìí kì í ṣe ti agbègbè yín.

Àwo 4K kò ní títì yìí rárá. Èyí tó wà nínú ike dúdú á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ 4K tí wọ́n bá rà níbikíbi. Àmọ́ nínú ike dúdú kan náà, wọ́n sábà máa ń fi àwo Blu-ray lásán kejì sí i, ìyẹn lè jẹ́ títì.

Nípa fóòtì: kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ló jẹ́ 120 nìkan. Àwọn kan wà tí iná wọn ń gba inú adápítọ̀ kékeré tó wà lóde kọjá, bíi ti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Bí wọ́n bá kọ 100-240V sára adápítọ̀ yẹn, kò sí ewu. Kí ẹ̀gbọ́n yín ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn.

Ìṣòro kan kù tó kan Màmá. DVD ìgbéyàwó tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, PAL ni, ìyẹn ètò àwòrán tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kì í ka DVD PAL. VCD, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Blu-ray kò mọ̀ ọ́n mọ́, ibi yòówù kí wọ́n ti rà á.

Òṣómàáló Ìlẹ́ṣà, ọjọ́ Ajé, aago 7

Àbúrò, o ṣeun, n kò mọ ti A àti B yẹn. Ṣùgbọ́n mo ní àwo kan tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà, ó ń ṣe lórí ẹ̀rọ London tí mo ní báyìí, kò bá mi jà rí. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Ọmọ Ọbòkun Lókè Òkun, ọjọ́ Ajé, aago 7:25

Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ fíìmù ló ń tì í, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ àwo Warner àti Paramount wà ní ṣíṣí. Ẹ yí ẹ̀yìn ike padà, ẹ wá àmì kékeré onígun mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ A nìkan ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó ní in kò fẹ́ kó ṣiṣẹ́ kọjá agbègbè A. Bí A, B, C bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ayé ló ni ín. Bọ̀dá Àrẹ̀mọ, ẹ kà á fún wa ká mọ̀ ibi tí ìwọ̀n tẹ̀ sí.

Àrẹ̀mọ Ìlódè, ọjọ́ Ajé, aago 10 alẹ́

Mo tú gbogbo rẹ̀ sórí àkéte, èmi àti àbúrò mi. Nínú 50 tó wà nínú ike búlúù, A nìkan ló wà lẹ́yìn 33. Mẹ́sàn-án ní A, B, C. Mẹ́jọ tó kù, a kò rí àmì kankan lára wọn. Èyí tí Bàbá fẹ́ràn jù nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ní, A ni òun náà. Nítorí náà, ti London kò ní ṣeé ṣe fún wa. Ẹ ṣeun gan-an ni, torí mo ti bá ẹnìkan dúnàádúrà ti London ní ọ̀sán yìí.

Ìyá Ìbejì Parakin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9 àárọ̀

Mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bèèrè ohun kan. Ní ilé àbúrò ọkọ mi, wọ́n ní ẹ̀rọ Blu-ray tuntun. Bí wọ́n bá fi àwo tí wọ́n rà lẹ́bàá ọ̀nà sí i, á ṣe bí ogún ìṣẹ́jú, ohùn á sì pa lójijì, àwòrán á máa lọ. Wọ́n ti gbé e lọ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n san owó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí tí mo fi ní kí Àbúrò má ra nǹkan yìí nìyẹn.

Alátùn-únṣe Láàgéré, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:50

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má san owó kẹta. Ẹ̀rọ wọn kò ní nǹkan kan. Ṣé ó ń kọ "Message Code 3" sójú tẹlifíṣọ̀n? Cinavia ni wọ́n ń pè é. Àmì kan wà tí wọ́n fi pamọ́ sínú ohùn fíìmù láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, etí èèyàn kò lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ Blu-ray tí wọ́n ṣe láti 2012 síwájú gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ó bá rí i pé àwo tí wọ́n dà kọ ni, á pa ohùn. Kí wọ́n fi àwo gidi sí i, wọn á rí i pé ó ń ṣe dé òpin. Ẹni tó gba owó wọn lẹ́ẹ̀mejì ló yẹ kó ti mọ̀.

Ìyá Ìbejì Parakin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:05

Code 3 náà ni! Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Ẹ ṣeun, mo ń pè wọ́n báyìí.

Bàbá Tísà Ẹ̀nuwá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ látòkè. Gbogbo yín ń sọ ti ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè receiver tó jẹ́ ọkàn ilé náà. Èmi ti ń gba orin àti fíìmù sílé láti ìgbà tí àwo ti wà ní dúdú, tí abẹ́rẹ́ ń họ ọ́, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀.

Receiver Yamaha 2011 ní HDMI, ihò wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, ó sì ń tú ohùn TrueHD àti DTS-HD Master Audio, èyí tí wọ́n kò rẹ́ ohunkóhun kúrò lára rẹ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n 4K kò gba inú rẹ̀ kọjá, torí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ti 4K, HDCP 2.2, kò tíì sí nígbà tí wọ́n ṣe é. Bí Àrẹ̀mọ bá so ẹ̀rọ 4K mọ́ receiver, kó wá ti ibẹ̀ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú tẹlifíṣọ̀n lè ṣókùnkùn, tàbí kí àwòrán bọ́ sí 1080 tí kò mọ́ tó 4K. Yóò rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ohun tó ní láti wá ni ẹ̀rọ tó ní ihò HDMI méjì lẹ́yìn. Ọ̀kan á gbé àwòrán lọ tààrà sí tẹlifíṣọ̀n, èkejì á gbé ohùn nìkan lọ sí receiver. Sony UBP-X700 ní méjì. Panasonic DP-UB420 náà ní méjì. LG UBK90 náà ní méjì. Bí tẹlifíṣọ̀n rẹ bá ń ṣe Dolby Vision (ètò tó ń mú ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ àwòrán yọ dáadáa), Sony yẹn ní in, Panasonic 420 kò ní in, HDR10+ tó jọ ọ́ ló ní.

Ọmọ Great Ifẹ̀, optical tí o dárúkọ kò lè gbé ohùn tí mo ń sọ yìí. Ojú rẹ̀ há. Dolby Digital àti DTS lásán ló lè gbà, èyí tí wọ́n ti fún pọ̀.

Ọmọ Great Ifẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:30

Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n sà, mo ti gbọ́ méjèèjì ní yàrá ọ̀rẹ́ mi, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wá ẹ̀rọ oní-HDMI méjì?

Bàbá Tísà Ẹ̀nuwá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:10

Ọmọ mi, lórí sípíkà kékeré nínú yàrá kékeré, o lè má gbọ́ ọ, n kò bá ọ jiyàn. Lórí sípíkà ńlá bíi ti bàbá Àrẹ̀mọ, tẹ́tí sí ìgbà tí ìró ń kú lọ: òjò tó ń dá, tàbí agogo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún tán. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Bí owó kò bá sí, kó fi optical bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó rà á lẹ́ẹ̀kan.

Alátùn-únṣe Láàgéré, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7

Bàbá Tísà, ẹ ti là mí lóye níbi HDCP yẹn. Mo ti rí tẹlifíṣọ̀n tó ṣókùnkùn bẹ́ẹ̀ tí a tú ẹ̀rọ rẹ̀ lásán.

Ti Màmá rọrùn. Bọ̀dá Àrẹ̀mọ, ṣé ẹ̀rọ DVD àtijọ́ kan kò sí nílé? Àwọn tí wọ́n tà káàkiri ìgboro wa nígbà náà ń ka VCD àti PAL láìbèèrè. Bí lẹ́ǹsì rẹ̀ bá dọ̀tí nìkan, ẹ gbé e wá, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ fi wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ kan fún Màmá, ọ̀kan fún yín. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń ka A, tó ń ka PAL, tó ń ka VCD, tó sì ń ka 4K, wọ́n máa ń tú u kí wọ́n tó tà á bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ á sì wọ́n.

Òṣómàáló Ìlẹ́ṣà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8

Ẹ ra sítébúláísà o! Ẹ̀rọ yìí kò ju nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 20 sí 30 lọ, inverter kékeré lè gbé e, receiver àti tẹlifíṣọ̀n ló ń jẹ iná. Ṣùgbọ́n bí iná ọba bá ṣàdédé dé lẹ́yìn tó ti lọ, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ kí ẹ tó dá a padà.

Ọmọ Ọbòkun Lókè Òkun, ọjọ́ Ọjọ́rú, aago 1 òru

Ohun kan tó kù: ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín so ẹ̀rọ náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì nílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó gba firmware (ètò inú ẹ̀rọ) tuntun sí i kó tó dì í. Àwo tí ó jáde lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ lè kọ̀ láti ṣí bí kọ́kọ́rọ́ inú ẹ̀rọ bá ti gbó. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ lè gba a láti orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà sórí fíláàṣì.

Àrẹ̀mọ Ìlódè, ọjọ́ Ọjọ́rú, aago 9 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ti fèsì. Sony UBP-X700 ló rí. Ó yí adápítọ̀ rẹ̀ sókè lójú fídíò fún mi, mo ní kó sún mọ́ ọn, kó tún sún mọ́ ọn, títí mo fi ka a fúnra mi: 100-240V, 50/60Hz, èyí tó ń jáde jẹ́ 12V. Mo ní kó sanwó. Mo tún rí DVD àtijọ́ Bàbá lábẹ́ àkéte nínú yàrá ìkẹ́rù, eruku bò ó títí. Alátùn-únṣe, mo ń gbé e bọ̀ ní Sátidé.

Àrẹ̀mọ Ìlódè, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ kẹta

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ó dé.

Alẹ́ àkọ́kọ́, àwòrán dára, ṣùgbọ́n ojú receiver kọ "Dolby Digital" nìkan. Mo rántí ohun tí Bàbá Tísà sọ, mo mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo wọ ibi ètò ohùn lórí ẹ̀rọ náà, mo rí i pé BD Audio Mix, tó ń da ohùn mìíràn pọ̀ mọ́ ti fíìmù, wà ní títàn. Mo pa á. Mo fi àwo náà sí i padà. Iná kékeré kan tàn lójú receiver tí n kò rí i rí láti ìgbà tí Bàbá ti lọ: DTS-HD MSTR.

Àwo mẹ́jọ tí kò ní àmì, gbogbo wọn ló ṣe. DVD Màmá náà ń ṣe. Wọ́n ti wo ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ń dárúkọ àwọn tó jókòó sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan fún wa.

Bàbá Tísà Ẹ̀nuwá, ọjọ́ kan náà

Ṣé gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù gbọ̀n?

Àrẹ̀mọ Ìlódè, ọjọ́ kan náà

Ó gbọ̀n, sà. Màmá ti ilé ìdáná jáde, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n má dín in kù.